Ọjọ́ Tí Katakata Jẹ Epo Pupa ní Ọ̀kà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó mi tó ti ṣaláìsí, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi, àfi kí òun gbé ọ̀kan nínú àwọn irin iṣẹ́ mi pamọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó kọjá yìí, bí n kò bá sọ ọ́, èmi nìkan ni n ó máa dá rẹ́rìn-ín kiri àdúgbò. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń dá rẹ́rìn-ín? Wọ́n á ní ó ti bẹ̀rẹ̀!

Ilé kéú ni mo lọ ní kékeré. Ìwé tí mo ń kọ yìí, ilé-ìwé àwọn àgbà ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí ewú ti gba orí mi. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àṣìṣe níbẹ̀, ẹ dákun, olùkọ́ mi ni kí ẹ bá wí.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo mọ̀. Mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi kan ní Ọ̀wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni ọ̀gá mi ti tú ẹ̀rọ dísù palẹ̀ níwájú mi, tó sì fi ibi tí ó ti ń jẹun àti ibi tí ó ti ń mí hàn mí. Nígbà tí mo padà sílé ní Ọ̀kà, àwọn èèyàn gbàgbé orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Bàbá Súlé Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pè mí.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Ọ̀kà ti ń bẹ ọ́fíìsì àgbẹ̀ tipẹ́ pé kí wọ́n yá wa ní katakata tí a ó fi túlẹ̀. Àwọn ará Ìkàrẹ́ náà ń bẹ̀ wọ́n. Katakata kan ṣoṣo ló sì wà. Ó kéré, ó ti pẹ́ láyé, òyìnbó kan ló lò ó títí ó fi sú u. Ọ̀gá àgbẹ̀ tó wà ní ọ́fíìsì náà wá dá ẹjọ́ náà báyìí: Ọ̀kà ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Òun yóò wá wò ó. Bí ó bá túlẹ̀ lójú òun, yóò wà ní Ọ̀kà fún gbogbo àsìkò òjò. Bí kò bá túlẹ̀, kí Ìkàrẹ́ wá wọ́ ọ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Wọ́n bi mí níwájú gbogbo èèyàn pé ṣé ògbólógbòó irin yìí lè ṣe é?

Mo ní: “Á ṣe é.”

Ọ̀rọ̀ mìíràn kò jáde lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, àwọn èèyàn kan gbé ọkọ́ wọn kọ́ sí àjà! Ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n ti máa kọ ebè sí, wọ́n fi í sílẹ̀ de katakata. Mo ń kọjá lójú ọ̀nà Ìkún, mo rí oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, koríko gbígbẹ ló bò wọ́n. Bí ẹ̀rọ yìí bá kọ̀, tí òjò sì ti ń rọ̀, ìgbà wo ni wọ́n á kọ ebè tí iṣu á fi wọlẹ̀? Kí ni àwọn ọmọ wọn á jẹ tí ọdún bá yípo?

Mo lọ gbé e ní ọ́fíìsì àgbẹ̀ ní Ìkàrẹ́, mo wà á bọ̀ wá sí Ọ̀kà. Ẹ ò bá rí i! Sìlíńdà kan ṣoṣo ló ní, ó dúró ṣánṣán níwájú. Wíìlì irin ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ń yí pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, tí kì í jẹ́ kí agbára rẹ̀ já. Lókè sìlíńdà yìí ni agbada omi kan wà tí kò ní ìdérí. Omi inú rẹ̀ ló ń mú kí ara ẹ̀rọ tutù. Bí iṣẹ́ bá le, omi náà á máa hó bí omi ọkà, ẹ ó kàn máa bu òmíràn sí i ni.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé kò sí iná kankan nínú ẹ̀rọ dísù. Kò sí ohun tí ń ṣáná sí epo. Báwo ló ṣe wá ń jó? Ẹ ti fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí? Bí ẹ bá fẹ́ ẹ tán, ẹ fọwọ́ kan ìdí pọ́ọ̀ǹpù náà. Ó gbóná, àbí? Afẹ́fẹ́ tí ẹ fún pọ̀ ló gbóná bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe nìyẹn. Ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí ó fi gbóná ju ààrò lọ, lẹ́yìn náà ni imú kan tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ á tu epo díẹ̀ sí i. Epo náà á gbiná fúnra rẹ̀. Tọ̀! Ìyẹn ni ẹ ń gbọ́ lókèèrè. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí òun ló yọ mí.

Oko Ìyá Rábì ni a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ́jú, kò ní òkúta, ó wà ní ẹsẹ̀ òkè lójú ọ̀nà Ìkún. Opó ni Ìyá Rábì, epo pupa ló ń ṣe. Ẹkù rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń se ẹyìn tí wọ́n sì ń gún un, wà lẹ́bàá odò nísàlẹ̀ oko náà. Bí èmi ṣe ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná, bẹ́ẹ̀ ni òun ń dà á sílẹ̀ bí ẹni tó jogún rẹ̀. Bí ó bá ń kí èèyàn ní Ọ̀kà, wọ́n lè dá a lóhùn ní ìlú Ètìóró lọ́hùn-ún.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo gúnlẹ̀ sí oko rẹ̀. Ó yí katakata náà po, ó fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń gbá màlúù.

“Bàbá Súlé, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Àlejò yín yìí ńkọ́, ṣé ó ti jẹun?”

Mo ní dísù rẹ̀ ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀.

“Ìgbà wo?”

“Lọ́la.”

“Ọ̀la kẹ̀? Ẹ jẹ́ n wo inú rẹ̀.”

Mo ṣí ẹnu táńkì fún un. Ó yọjú wò ó, ó sì ké. “Háà! Ìsàlẹ̀ táńkì ni mò ń wò yìí o! Èyí tó fẹ́ wá ṣiṣẹ́ nínú oko mi lọ́la?”

Mo ní èyí tó kù nínú rẹ̀ á tó láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ọkọ̀ dísù tó dé. Mo pa á dé, mo lọ kírun mágàríbì. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ rọ̀ bí ó ṣe yẹ, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó ń ti orí òkè Ọ̀kà bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n. Eyín ń lu eyín. Àwọn èèyàn fi aṣọ ìbora jáde wá woran.

Gbogbo ẹgbẹ́ ti pé. Bàbá Alága wa wọ agbádá, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba àlejò ọba. Wọ́n ní ọ̀gá àgbẹ̀ ti kúrò ní Ìkàrẹ́. Ọkọ̀ dísù kò tíì dé; a gbọ́ pé ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ní kò burú, ìwọ̀nba tó wà nínú rẹ̀ á túlẹ̀ díẹ̀ fún ọ̀gá wò.

Àwọn géńdé méjì di hándù tí a fi ń yí ẹ̀rọ mú. Mo gbé irin kékeré tó wà lókè sìlíńdà sókè kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde, kí ó má baà wúwo fún wọn. Wọ́n yí i. Wíìlì ńlá náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo sọ irin náà sílẹ̀.

Pìì.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún yí i. Pìì. Wọ́n yí i títí òógùn fi bọ́ nínú òtútù. Katakata ò ké.

Àsìkò yẹn gan-an ni Làmídì dé. Àbúrò ìyàwó mi tó ti kú ni Làmídì, ará Ìkàrẹ́ sì ni. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló wá, okùn ńlá wà ní èjìká rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o!” Ó ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè. “Ẹ má dààmú ara yín. Okùn ti dé.”

Bàbá Alága yíjú sí i. “Làmídì, ta ló ránṣẹ́ pè ọ́? Òkú lo wá gbé?”

“Ẹ̀yin lẹ pè é ní òkú o, Bàbá. Èmi ò tíì sọ nǹkan kan. Okùn ni mo ní mo mú wá.”

Àwọn ará Ìkàrẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn tiwa kò rín. Mo rí i tí ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ń wo oko rẹ̀ tó wà lódìkejì ọ̀nà, ó kàn ń wò ó. Ó dùn mí ju èébú lọ.

Mo tú páìpù bàbà tí epo ń gbà lọ sínú ẹ̀rọ. Ó yẹ kí epo máa kán. Kò kán. Mo tú abọ́ asẹ́ tí ń yọ ìdọ̀tí inú epo. Ohun tí mo bá níbẹ̀ pupa, ó dì gbagidi bí ẹ̀kọ tó sùn. Mo gbóòórùn rẹ̀. N kò gbà gbọ́. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, epo pupa ni! Epo pupa tó dáa sì ni.

Mo dìde, mo gbé abọ́ náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i. Mo bi wọ́n pé ta ló ṣe èyí. Bàbá Alága ti ń wo àwọn ará Ìkàrẹ́ tìfura-tìfura, Làmídì sì ti ń búra pé òun ò mọwọ́, òun ò mọsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìyá Rábì ló bọ́ síwájú. “Èmi ni. Kí ló dé?”

Ẹ gbọ́ o, kò sá, kò sápamọ́!

Ó ní ọ̀wẹ̀ ni òun ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ẹni tó bá wá bá èèyàn ṣiṣẹ́ oko lọ́fẹ̀ẹ́, oúnjẹ ni a ń fún un. Láti ìgbà ìyá ìyá òun, ẹnikẹ́ni kò tíì wá ṣọ̀wẹ̀ lórí ilẹ̀ àwọn kó sùn pẹ̀lú ebi. “Ẹ̀yin náà rí i pé inú rẹ̀ gbẹ. Mo mọ̀ pé dísù ló ń jẹ. Èmi ò ní dísù. Ohun tó bá wà nílé la fi ń ṣe àlejò! Epo tí mo bù fún un, àkọ́ṣe ẹkù mi ni, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mi ò tíì tà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo bù ú fún un títí ó fi yó.”

Bàbá Alága ju ọ̀pá sílẹ̀. “Yéè! Obìnrin yìí ti fi oúnjẹ pa ẹ̀rọ ìjọba!”

Làmídì jókòó sílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dúró. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Tí a bá dé Ìkàrẹ́, a ó wá iṣu tí a ó fi jẹ ẹ́!”

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tiwa. Ṣùgbọ́n Ìyá Rábì kò rẹ́rìn-ín. Ó wo katakata, ó wo àwọn oko tó wà lọ́tùn-ún lósì, mo rí i pé ohun tó ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ó dákẹ́. Èmi tí mo fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, n kò fẹ́ràn ti rẹ̀ yẹn rárá.

Mo jókòó sórí táyà, mo ń ronú. Kí gan-an ni ẹ̀rọ yìí ń fẹ́? Ó ń fẹ́ ohun tó lè ṣàn gba inú páìpù, tó sì lè jó bí ó bá bá afẹ́fẹ́ gbígbóná pàdé. Epo pupa kì í jó ni? Àtùpà àwọn baba wa, kí ló ń jó nínú rẹ̀ kí kẹrosíìnì tó dé? Obìnrin tí epo rẹ̀ ti gbiná rí nínú agbada àkàrà, ẹ bi í léèrè! Oúnjẹ náà kì í ṣe májèlé. Òtútù ló mú un dì.

Mo ní: “Omi gbígbóná.”

Bàbá Alága ní: “Kí lo wí?”

“Omi gbígbóná. Kó pọ̀.”

Ìyá Rábì kò dúró kí n parí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti padà! Ó ti ń sáré lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ó ń pe àwọn obìnrin ẹkù lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé àárọ̀ ni, ẹyìn ti wà lórí iná lọ́dọ̀ wọn, àwọn ìkòkò ńlá ńlá ti ń hó. Ibo lèèyàn tún ti lè rí omi gbígbóná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan náà ní gbogbo Àkókó?

Kí wọ́n tó dé, Bàbá Alága ti fẹ́ ran iṣẹ́ lọ́wọ́. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tó gbé ògúnná igi bọ̀, agbádá rẹ̀ ti ká sí èjìká. Ó ní bí a ṣe ń yọ́ epo nílé nìyẹn, ká kàn ti iná sábẹ́ táńkì.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Bàbá, ẹ dákun. Ẹ bá dáná sábẹ́ eléyìí, gbogbo wa la máa bá epo yọ́.”

Ó wo iná, ó wo táńkì, ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó pàdé ejò.

Àwọn obìnrin dé pẹ̀lú ìkòkò lórí. A da omi tútù inú agbada ẹ̀rọ nù, a da gbígbóná sí i. Ó tutù, a tún dà á nù, a da òmíràn sí i, títí ara sìlíńdà fi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo béèrè aṣọ tí a ó máa rì bọ omi gbígbóná, tí a ó fi wé táńkì, páìpù àti abọ́ asẹ́. Ìyá Rábì tú ìpèlé rẹ̀, ó rì í bọ omi, ó sì ń fi í tẹ ara páìpù náà mọ́lẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin kan ní: “Ẹ rọra jó o o! Ikùn ìyá ìkókó ni!”

Òmíràn ní: “Kò tíì bí, ó ń rọbí ni!”

Ẹ̀rín ta. Bí wọ́n sì ṣe ń fi omi gbígbóná jó ìyá ọmọ tuntun gan-an nìyẹn. Wọ́n ń kí katakata kú ewu. N kò rí irú iṣẹ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí ní Ọ̀wọ̀.

Mo tún ní kí ẹni tó bá ní kẹrosíìnì díẹ̀ nínú fìtílà rẹ̀ gbé e wá. Àwọn tí ilé wọn súnmọ́ sáré lọ. Wọ́n kó fìtílà dé ní ojúmọmọ, wọ́n ń ro ẹ̀kán-ẹ̀kán inú rẹ̀ sínú táńkì. Kẹrosíìnì ń jẹ́ kí epo pupa fẹ́lẹ́. Nígbà tó yá, epo bẹ̀rẹ̀ sí í kán lẹ́nu páìpù, pupa fòò. Mo jẹ́ kó ṣàn títí kò fi sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́, torí bí afẹ́fẹ́ bá wà láàrin epo, ẹ̀rọ dísù kò ní jí láéláé. Mo dè é padà.

Ẹnu ìyẹn ni a wà tí alùpùpù ọ̀gá àgbẹ̀ fi dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, èèyàn dáadáa. Ó wo àwọn obìnrin tó gbé ìkòkò, ó wo fìtílà ní ojúmọmọ, ó wo ìpèlé tó wé ara ẹ̀rọ.

Ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ ń ṣe fún un?”

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Mo ní: “A ń wẹ̀ ẹ́.”

Làmídì tún fẹ́ ṣubú.

Àwọn géńdé di hándù mú. Mo gbé irin kékeré sókè. Wọ́n yí i, wíìlì ńlá sáré, mo ní bisimiláì nínú ọkàn mi, mo sì sọ irin náà sílẹ̀.

Tọ̀!

Èéfín funfun kan jáde. Ó dákẹ́. Ìyá Rábì fi ọwọ́ bo ẹnu.

A tún un ṣe. Tọ̀! Tọ̀... tọ̀... Mo rò pé ó tún fẹ́ kú. Mo fi ọwọ́ fa irin tí ń fún un lépo sí i díẹ̀. Tọ̀, tọ̀, tọ̀, tọ̀-tọ̀-tọ̀-tọ̀! Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Ariwo tó sọ! Wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ lórí òkè. Bàbá Alága ń jó nínú agbádá tí èérú ti bà jẹ́. Lẹ́yìn náà ni òórùn náà wá kàn wá. Ọ̀gá àgbẹ̀ gbé imú sókè, ó ń wòye yí ká.

“Ta ló ń dín àkàrà níbí yìí?”

Mo na ìka sí páìpù èéfín.

Mo ṣe ohun kan kí a tó wọ oko. Mo rò pé bí atẹ́gùn òkè bá tún fẹ́ lu páìpù náà, epo á tún dì. Nítorí náà mo tẹ páìpù bàbà náà, mo jẹ́ kó gba ara agbada omi kọjá. Omi inú agbada ń hó, òun ni yóò máa mú epo gbóná bí ó ti ń lọ. Kò pẹ́ mí rárá. Páìpù bàbà kò ṣòro tẹ̀.

Mo gun orí rẹ̀. Irin ìtulẹ̀ wọlẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ ti rí ilẹ̀ tó ń yí padà bí ẹni ń ṣí ìwé? Dúdú, tutù, ó ń dán. Ibi tí géńdé mẹ́ta á fi ọkọ́ bá jà títí di ọ̀sán, katakata gbà á kọjá kí ènìyàn tó jẹ obì tán. Àwọn èèyàn tẹ̀lé mi lẹ́yìn nínú ilẹ̀ títú náà, wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń fún un wò. Ọkùnrin tó ń wo oko rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń sáré jù. Ìyá Rábì ló ṣáájú gbogbo wọn, orin ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ìpèlé tútù náà sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Bàbá Alága kígbe pé: “Làmídì! Okùn rẹ dà? Lọ fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ nílé fún wa!”

Làmídì ní òun ti gbà. Ó ju okùn sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kùkùté kúrò lọ́nà fún mi. Bí ó ṣe rí nìyẹn. Ará Ìkàrẹ́ tàbí ará Ọ̀kà, ta ni kì í fẹ́ rí ilẹ̀ tó yí padà?

Nígbà tí mo dúró, a sọ òtítọ́ fún ọ̀gá àgbẹ̀. Mo rò pé á bínú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní olùkọ́ òun sọ fún àwọn nílé-ìwé pé ní àtijọ́, wọ́n ti fi epo ẹ̀pà wa irú ẹ̀rọ yìí rí nílùú òyìnbó, òun kò sì gbà á gbọ́ rí títí di ọjọ́ náà. Ó ní katakata di ti Ọ̀kà fún àsìkò òjò. Ó kàn kìlọ̀ fún mi pé bí dísù bá dé, kí n fọ inú rẹ̀ mọ́, nítorí epo pupa máa ń fi èédú sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí mo tú imú tín-ín-rín yẹn, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fọ̀ ọ́, ó dára.

A tú gbogbo oko tó ń dúró dè wá. Iṣu wọlẹ̀ lásìkò. Wàhálà tó kù ni pé ìròyìn ti kárí pé katakata ń jẹun! Gbogbo oko tí mo bá dé, wọ́n ti wà ní ìmúra. Ìyá àgbà kan gbé iyán wá. Mo ní èmi ni n ó bá a jẹ ẹ́.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ. Ó ṣòro fún mi díẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kíá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, èmi àti Làmídì jókòó lẹ́bàá ẹ̀rọ, ara rẹ̀ ń tutù. Ìyá Rábì gòkè wá láti ẹkù. Ó dúró níwájú mi, kò pariwo rárá.

Ó ní: “Bàbá Súlé, mo fún ẹ̀rọ yín ní ohun tí kì í jẹ. N kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, n ó kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Kí lẹ ń jẹ?”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, láti ìgbà tí Ìyá Súlé ti kú, iṣu sísè àti iyọ̀ ni mò ń jẹ. Kò sí ẹni tó fi í jẹ mí níyà. Kò kàn sí ẹni tó béèrè ni.

Mo mú àkísà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu páìpù tí kò dọ̀tí. Làmídì wò mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo fẹ́, bí ó bá bínú, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ó fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá wọn lóhùn. Àbí ká lọ gbé omi gbígbóná wá?”

Mo wo Ìyá Rábì, mo ní: “Ohun tó bá wà nílé.”

Ó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbọ́ ọ ní Ètìóró. Lónìí tí mo ń kọ èyí, èmi kì í ṣe àlejò nílé Ìyá Rábì mọ́. Làmídì ló bá mi tọrọ rẹ̀, òun ló sì rẹ́rìn-ín jù níbi ìgbéyàwó.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Bí nǹkan bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ẹ má tètè pè é ní òkú. Ẹ wo ohun tó dì níbi kan nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ìwọ̀nba omi gbígbóná ló ń fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá bá yín ṣiṣẹ́, ẹ fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ń jẹ. Ìbéèrè yẹn gan-an lè jẹ́ oúnjẹ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló wà láàrin yín tó ti fi inú rere ṣe ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba nǹkan jẹ́, tó sì wá di ẹ̀rín? Ẹ kọ tiyín wá, mo fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gùn jù. Ìyá Rábì ń pè mí. Oúnjẹ ti délẹ̀, kò sì fẹ́ kó dì.